Bí mo ṣe lọ wo Lustenau kí a tó fowó lé léèsì Ọ́stríà

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ta léèsì ní Gbági, n'Ìbàdàn. Gbogbo ọdún yẹn, ọwọ́ àwọn tó ń kó o wọlé l'Ékòó ni mo ti ń rà á. Ohun tí wọ́n bá gbé wá ni mo ń tà. Lọ́dún tó kọjá, àwa márùn-ún tí a jọ ń dá àjọ ní ká wò ó bóyá a lè lọ bá àwọn tó ń ṣe é gan-an, kí wọ́n máa ṣe àwòrán tiwa fún wa. Ẹnìkan dárúkọ Ṣáínà, ẹlòmíì ní Íńdíà, torí owó tiwọn fúyẹ́. Ìyá Ìbejì, tó jẹ́ àgbà wa, ló takú. Wọ́n ní, "Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ilé léèsì ná. Ìròyìn ò tó àfojúbà." Èmi ni wọ́n rán.

Ọ́stríà ni wọ́n ń sọ. Kì í kúkú ṣe gbogbo Ọ́stríà. Agbègbè kan ni, Vorarlberg, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè náà, àti nínú Vorarlberg yẹn náà, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Lustenau. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe léèsì fún Nàìjíríà níbẹ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní àwọn ọdún 1970, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ léèsì táwọn òbí wa fi ṣe ìnáwó ti wá. Ìjọba fòfin de kíkó o wọlé nígbà kan rí, síbẹ̀ kò kúrò lọ́rùn àwọn ọlọ́jọ́ ìbí àti ìyàwó ojú ọ̀nà.

Mo ti fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì Vienna kí ọmọ mi tó ṣí àwòrán ilẹ̀ hàn mí: ọ̀nà jìn! Odò Rhine ló pààlà Lustenau àti Swítsàlandì. Zurich ni mo bà sí, mo wọ rélùwéè gba St. Gallen dé St. Margrethen, mo sì ti ibẹ̀ sọdá odò. Físà Schengen kan náà ló gbà mí wọ orílẹ̀-èdè méjèèjì, àmọ́ ẹ ní fránkì àti yúrò lọ́wọ́ o. Ibi tí ìlú náà wà yìí wà lára ohun tó mú ọjà wọn gbówó lórí. Owó oṣù Swítsàlandì àti Liechtenstein ga, ojoojúmọ́ sì ni àwọn ará Vorarlberg ń sọdá lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ dúró ti òun ní Lustenau, àfi kó sanwó gidi.

Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni mo dé. Ẹ̀rọ tí mo kọ́kọ́ rí gùn ju mólùè lọ. Wọ́n na aṣọ funfun gbalaja síwájú rẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún abẹ́rẹ́ sì ń gún un lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti rò pé abẹ́rẹ́ ló ń rìn kiri kó tó ya òdòdó. Irọ́ ni, aṣọ ló ń sún sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì, abẹ́rẹ́ dúró sójú kan, gígún ni tiẹ̀. Lẹ́yìn aṣọ, abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ní agbòwú tirẹ̀ tó rí bí ọkọ̀ ojú omi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ẹ̀rọ náà ní Schiffli, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi kékeré lédè wọn. Ará Swítsàlandì kan, Isaak Gröbli, ló ṣe é jáde ní 1863.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó. Iye ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gún aṣọ ni wọ́n ń kà, ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún. Mo gbé àwòrán wa kalẹ̀, òdòdó ńlá tí ewé yí ká. Ọ̀gá tó ń ya àwòrán tẹ bírò mọ́ inú ewé náà, ó ní bí a bá fi etí ewé nìkan sílẹ̀ tí a kò kún inú rẹ̀, owó á já wálẹ̀. Ó ṣírò ó lójú mi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà tó lọ. Èmi tí mo ti ń ta léèsì láti ọjọ́ yìí, n kò mọ̀ pé inú ewé ni owó mi ń wọlé sí.

Ilé iṣẹ́ kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó mi sí wàhálà. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni iṣẹ́ wa máa gbà. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó béèrè pé, "Ṣé níbí náà lẹ ti ń pa á láró?" Rárá o. Ilé mìíràn ló ń fọ̀ ọ́ tó ń pa á láró, ilé mìíràn ló ń gé etí rẹ̀, àwọn obìnrin kan sì wà tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ kí wọ́n wo aṣọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n tún ibi tí abẹ́rẹ́ fò rán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, ti ẹ̀rọ nìkan ni. Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tó mẹ́sàn-án. Méjì nínú ilé iṣẹ́ mẹ́ta náà sì máa ń tilẹ̀kùn fún ìsinmi lóṣù kẹjọ, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni àwa ń wá ọjà Kérésì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wọ́n pé "ọ̀sẹ̀ mélòó" lásán. Ẹ bi wọ́n pé, "Ọjọ́ wo ni páálí ọjà mi máa kúrò nílẹ̀ yín?"

Lálẹ́, mo kó sáńpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì. Mo yí ẹ̀yìn wọn síta, torí ẹ̀yìn léèsì kì í purọ́: òwú ọ̀kan ń rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, méjì tó kù mọ́ tónítóní. Mo fi áńkáṣífù funfun tútù nù wọ́n bóyá aró á yọ. Mo wọ̀n wọ́n, mo fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ wọ́n, mo tún wọ̀n wọ́n láàárọ̀. Mo fi ìṣáná jó fọ́nrán méjì: ọ̀kan di eérú bíi bébà, èkejì yọ́, ó dì bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú. Èyí tó yọ́ yẹn ni wọ́n pè ní òwú gidi fún mi, bẹ́ẹ̀ òwú gidi kì í yọ́. Mo yọ ilé iṣẹ́ yẹn kúrò.

Nígbà tí mo délé, a jókòó ti ìṣírò. A fi owó ọkọ̀ òfuurufú kún un, ìnṣọ́ránsì, owó aṣọ́bodè, VAT 7.5% tiwa, owó agẹ́ǹtì. Ti báńkì ló gba àkókò jù. Láti oṣù kẹta 2019 ni Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí báńkì má ta dọ́là fún ẹni tó fẹ́ kó aṣọ wọlé. Oṣù kẹwàá 2023 ni wọ́n tó gbé ìdènà náà kúrò. Fọ́ọ̀mù M, ìwé tí ẹni tó ń kó ọjà wọlé máa ń gbà ní báńkì, ti ṣeé gbà báyìí, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ iye tí náírà máa jẹ́ sí yúrò lọ́jọ́ tí a ó san ìyókù owó. Nítorí náà a ṣe ìṣírò méjì, ti òní àti ti ìgbà tí náírà bá tún já wálẹ̀.

Léèsì Ọ́stríà kò bá aṣọ ẹbí ọ̀ọ́dúnrún èèyàn mu. Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ìyẹn á ṣì máa ti ọ̀nà tó ń gbà wá tẹ́lẹ̀ wá. Èyí tó yẹ Lustenau ni léèsì ìyá ìyàwó àti bàbá ọkọ, èyí tí oníbàárà kò fẹ́ rí lọ́rùn ẹlòmíì. Àwọn ará Lustenau gbà láti ṣe ogójì péré fún wa, ọ̀pá márùn-ún márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìbá wa jà pé ó kéré. Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ ka owó tiwọn sílẹ̀. Wọ́n ní inú ewé náà, ká má kún un.