Ẹ má tíì ra kábúrétọ̀: àṣìṣe tí ẹ̀yin olówó ọkọ̀ àtijọ́ ń ṣe bí epo kò bá lọ dáadáa

Kò sí oṣù kan tí wọn kì í wọ́ ọkọ̀ àtijọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Kàbà, tí páàtì tuntun á kún abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí ọkọ̀ kò sì ní lè gun òkè kékeré kan. Peugeot 504 ló pọ̀ jù nínú wọn, Volkswagen Ìjàpá ló tẹ̀lé e. Inú mi dùn gan-an pé àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Òkun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogí ń ra irú ọkọ̀ tí bàbá wọn gùn, wọ́n ń kùn ún, wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnì tó lágbára sí i. Owó tí wọ́n ń dà sómi ló ń dùn mí. Ọkọ̀ á kú lójú ọ̀nà, ẹnì kan á ní “epo ò dé ọ̀hún ni,” wọ́n á sì gbéra, ó di ilé alápáàtì. Ta ló wò ó bóyá epo dé ibẹ̀ tàbí kò dé? Kò sẹ́ni tó wò ó.

1. Ẹ má di ẹ̀bi ru epo láì tíì wo iná.

Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ń pè ní àìsàn epo, iná ló ń fà á. Kọ́ìlì (ohun tó ń sọ iná bátìrì di alágbára fún pọ́lọ́ọ̀gì) tó ti ń kú lọ á ṣiṣẹ́ dáadáa bó bá tutù. Bó bá gbóná, ọkọ̀ á kú. Bó bá sinmi díẹ̀, á tún jí. Bí ọkọ̀ tí epo ń hó nínú páìpù rẹ̀ ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣi í mú. Kọ́ńdẹ́ńsà inú dísítíríbútọ̀ (tó ń pín iná fún àwọn pọ́lọ́ọ̀gì) náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ojú ibi tí ọkọ̀ kú sí ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ìgbà tó bá tutù tán. Ẹ pa iná ọkọ̀, ẹ ṣí ìdérí èya fílítà, ẹ wo ọ̀nà ọ̀fun kábúrétọ̀ (ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnì), kí ẹ wá fi ọwọ́ fa irin tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ bí ẹ bá ń tẹná. Bí epo bá tú fẹ̀ẹ́ sínú ọ̀fun yẹn, epo wà nínú abọ́ kábúrétọ̀. Ẹ kọ́kọ́ dá ìdérí padà, kí ẹ tó lọ wo iná lẹ́nu pọ́lọ́ọ̀gì. Bí kò bá sí ohun tó tú jáde, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ epo tó bẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

2. Ìdérí táǹkì.

Ọmọkùnrin kan gbé 504 wá láti Mọ̀pà. Ó ti pààrọ̀ kábúrétọ̀, ó ti pààrọ̀ pọ́ǹpù, ó ti pààrọ̀ fílítà títí ó fi sú u. Bó bá kúrò nílé, ọkọ̀ á sáré dáadáa. Bó bá fi máa dé apá Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í já, á sì kú. Bó bá dúró díẹ̀, á tún lọ.

“Òkun o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá kábúrétọ̀ tó dáa. Wọ́n ní ayédèrú ni mo rà.”

Mo ní kó jẹ́ ká jọ gùn ún. Nígbà tó kú, mi ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá. Mo lọ sẹ́yìn, mo yí ìdérí táǹkì, atẹ́gùn sì fà wọlé, “fììì.” Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ó lọ ta sítátà, ọkọ̀ jí.

“Bàbá, ìdérí lásán?”

Ìdérí lásán ni, ọmọ mi. Èyí tó bá ọkọ̀ wá ti sọnù, ó sì ra òmíràn tí kò ní ihò èémí. Epo ń jáde, atẹ́gùn kò rí ọ̀nà wọlé rọ́pò rẹ̀, inú táǹkì wá ń fún mọ́ra bí ọ̀rá omi píọ̀ wọ́tà tí ọmọdé ń fà mu. Pọ́ǹpù tó dára tó báwo ló máa fa epo níbẹ̀? Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá kú, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí táǹkì kí ẹ tó ṣí àpò yín.

3. Ẹ má fi ẹnu fa epo bẹntiróòlù. Èyí tó bá gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró lè gbé èèyàn dé ọsibítù, ó sì lè pa á.

4. Ẹ má fi wáyà tàbí abẹ́rẹ́ gún jẹ́ẹ̀tì, èyí kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀. Idẹ ni, ó rọ̀. Bí ihò rẹ̀ bá ti fẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ á máa mu epo lámujù. Ẹ fi epo mímọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi atẹ́gùn àwọn fọkanáísà fẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń bí mi nínú jù lọ: pọ́ǹpù oníná.

Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná. Nínú èyí tó ń lo kábúrétọ̀, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló ń tẹ pọ́ǹpù epo. Agbára tó fi ń ti epo kéré, nǹkan bíi 3 sí 4 psi (òṣùwọ̀n agbára tí epo fi ń tì), ìyẹn náà sì ni abẹ́rẹ́ tó ń dí epo nínú kábúrétọ̀ lè dá dúró. Àmọ́ bí epo bá ti ń ṣe ségesège, ẹnì kan á gba ọmọ náà níyànjú pé kó lọ ra pọ́ǹpù tòkunbọ̀ tó jáde lára ọkọ̀ ìgbàlódé. Pọ́ǹpù ọkọ̀ tó ń fi injector fọ́n epo nìyẹn! 40 psi àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń ti epo. Abẹ́rẹ́ kékeré yẹn kò lè kò ó lójú. Epo á kún abọ́, á ṣàn sínú ẹ́ńjìnì, á fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, á sì dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì nísàlẹ̀. Èyí tó bá tú síta á máa kán sórí irin gbígbóná. Mo ti rí ọkọ̀ tó jóná lọ́nà Ìsánlú nítorí irú nǹkan báyìí. Ọlọ́run ló yọ àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Wọ́n á tún gbé e sí iwájú, lẹ́bàá ẹ́ńjìnì, nítorí wáyà rẹ̀ kò ní gùn. Pọ́ǹpù oníná mọ epo í tì, kò mọ̀ ọ́n fà. Ẹ̀gbẹ́ táǹkì ni ipò rẹ̀, kó sì wà nísàlẹ̀. Rìwáyà á sì so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ tààrà, láìsí fíúsì, láìsí ohun tó máa dá a dúró bí ẹ́ńjìnì bá kú. Ọkọ̀ forí sọ igi, páìpù já, ẹ́ńjìnì ti dákẹ́, pọ́ǹpù ṣì ń tú epo sílẹ̀. Ta ni yóò sáré lọ pa kọ́kọ́rọ́ lákòókò yẹn?

Bí ẹ́ńjìnì tí ẹ gbé sínú ọkọ̀ bá nílò pọ́ǹpù oníná lóòótọ́, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún kábúrétọ̀, kí ẹ fi regulator tó ń dín agbára epo kù sí i, kí ẹ fi géèjì wọn agbára rẹ̀. Kábúrétọ̀ Weber kò fẹ́ ju 2.5 sí 3.5 psi lọ. Kábúrétọ̀ Holley táwọn ará Amẹ́ríkà ń lò lórí ẹ́ńjìnì V8 onísílíńdà mẹ́jọ lè gba 5 sí 7 psi. Ẹ fi fíúsì sí i, pẹ̀lú suwíìṣì tó máa gé iná rẹ̀ bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kò bá ní agbára mọ́.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù yìí ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ti àtijọ́ kò ṣe nǹkan kan. Họ́ọ̀sì tó sán ló ń yọ wá lẹ́nu. Họ́ọ̀sì tó wà láàárín táǹkì àti pọ́ǹpù lè sán kó má sì jo síta, nítorí fífà ni pọ́ǹpù ń fa nǹkan níbẹ̀. Atẹ́gùn ló ń gba ojú sísán wọlé. Ẹ ò ní rí epo nílẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ òórùn, ẹ ó wá ní pọ́ǹpù ti kú.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ yọ wáyà kékeré tó ń gbé iná wọ kọ́ìlì kí ẹ́ńjìnì má baà jí, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí irin kí iná má baà ta. Ẹ yọ họ́ọ̀sì lẹ́nu kábúrétọ̀, ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, kí ẹnì kan ta sítátà. Kí ẹ́ńjìnì tutù, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí. Bí epo bá ń tú gìdì gìdì, pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ń hó, tó ń yọ fọ́ọ̀mù, atẹ́gùn ti wọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn. Bí ó bá ń kán tó-tó-tó, ẹ fa họ́ọ̀sì kúkurú kan láti ẹnu pọ́ǹpù sínú kẹ́ẹ̀gì epo mímọ́, kí ẹ tún ta sítátà. Ó ń tú dáadáa báyìí? Ẹ̀yìn ni àìsàn wà: páìpù, asẹ́ inú táǹkì, tàbí ìpẹtà. Kò yí padà? Ó di pọ́ǹpù. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń run bẹntiróòlù, ó lè jẹ́ awọ inú pọ́ǹpù ló ya. Ẹ má ta ẹ́ńjìnì yẹn mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ ọ́ìlì.

Ẹni tó ń pààrọ̀ fílítà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láì sọ táǹkì kalẹ̀ fọ ìpẹtà rẹ̀, fílítà ló ń tà fún ara rẹ̀.

Ooru February àti March ńkọ́? Lóòótọ́ ni epo máa ń hó nínú páìpù lásìkò yẹn, pàápàá bí ọkọ̀ bá gun òkè tán tó wá dúró. Àkísà tútù tí ẹ ń dì mọ́ pọ́ǹpù á jẹ́ kí ẹ délé, ó sì ń fi hàn pé ooru ni ọ̀tá. Àmọ́ ẹ wo abẹ́ kábúrétọ̀: ta ló yọ pákó dúdú nínípọn tó ń dènà ooru níbẹ̀, tó fi gáásíkẹ́ẹ̀tì bébà rọ́pò rẹ̀? Ẹ wo bí họ́ọ̀sì ṣe sún mọ́ irin sàlẹ́ńsà. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

Epo inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá títì, ẹ máa bu díẹ̀ sínú ìgò kó dúró. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa wà. Ẹ kán díẹ̀ sórí bébà funfun pẹ̀lú: bẹntiróòlù tó dáa á gbẹ lọ, èyí tí wọ́n fi kẹrosíìnì tàbí dísẹ́ẹ̀lì bùlà á fi àmì ọ̀rá sílẹ̀.

Bí ẹ bá ti yẹ gbogbo èyí wò tí kò sí nǹkan kan, ẹ wá tú kábúrétọ̀. Ẹ mú fúlóòtì rẹ̀ sétí, ẹ mì í. Bí nǹkan bá ń ró nínú rẹ̀, epo ti wọ inú rẹ̀, ó ti wúwo, kò lè léfòó gbé abẹ́rẹ́ dí ojú epo mọ́. Bí ó bá jẹ́ ti idẹ, ẹ rì í sínú omi gbígbóná. Ibi tí ìhó atẹ́gùn bá ti ń yọ ni ihò wà. Kí ẹ jẹ́ kí epo inú rẹ̀ jáde tán pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó gbé iná sún mọ́ ọn láti jó ihò rẹ̀ pa. Bí ó bá sì jẹ́ oníke, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, epo á tú u. Ẹ ra òmíràn.