Bí a ṣe ń wa mọ́tò nínú sínóò, fún ẹ̀yin ará ilé tẹ́ ẹ ń bọ̀ ní Kánádà

Mo wà nílé ní Ìlọrin báyìí, ọyẹ́ ń fẹ́, gbogbo èèyàn ti wọ súẹ́tà, èmi kàn ń wò wọ́n ni. Àbúrò mi kan ní Ọ̀ffà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà, ó ní báwo lòun ṣe máa wa mọ́tò nínú sínóò, mo ní ṣé o ti wa mọ́tò gba ọ̀nà oko lẹ́yìn òjò rí, ó ní àìmọye ìgbà, mo ní o ti mọ ìdajì ẹ̀ nìyẹn. Ìdajì tó kù rèé.

Ẹ kọ́kọ́ wo táyà. Èyí tá à ń lò nílé, tí òtútù bá ti wálẹ̀ tó digiri 7, rọ́bà ẹ̀ á le, kò ní di ilẹ̀ mú dáadáa. Táyà òtútù ni kẹ́ ẹ rà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni o, ẹ má ra méjì torí owó. Ní Quebec, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà níbẹ̀, òfin ni, láti December 1 títí di March 15.

Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ gbá sínóò kúrò lára mọ́tò, àtorí ẹ̀ pàápàá. Èmi ṣe ọ̀lẹ níjọ́ kan, gíláàsì nìkan ni mo gbá, bí mo ṣe tẹ bíréèkì báyìí gbogbo tòkè ya wá síwájú, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Ẹ má da omi gbígbóná sí i náà o, gíláàsì lè là.

Tẹ́ ẹ bá ti wà lọ́nà, ẹ máa wà á bí ẹni tó gbé igbá wàrà tí ò ní ìdérí sẹ́yìn mọ́tò. Lórí yìnyín, kí mọ́tò tó dúró lè gùn tó ìlọ́po 10 ti ọ̀nà gbígbẹ, torí náà bá a ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ara wa ní títì Táíwò n'Ílọrin yẹn, ẹ fi sílé. Orí afárá ló kọ́kọ́ máa ń dì torí òtútù ń gba òkè, ó ń gba ìsàlẹ̀. Yìnyín míì ò sì ní hàn rárá, ẹ máa rò pé omi lásán ló wà lórí títì.

Tí ìdí mọ́tò bá yọ̀ lọ sápá ọ̀tún, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ má tẹ bíréèkì, ẹ rọra yí sitiárìn sápá ọ̀tún yẹn náà.

Tó bá wá há, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ máa fẹsẹ̀ rìn lọ. Ẹ gbẹ́ sínóò kúrò lẹ́nu sàláńsà kẹ́ ẹ tó tan ẹ́ńjìnì, torí tó bá dí, èéfín á padà wọnú mọ́tò, ẹ ṣáà mọ nǹkan tí jẹ̀nẹ́rétọ̀ tí wọ́n gbé sí kọ́rídọ̀ máa ń fojú ẹbí rí. Ẹ tàn án bí ìṣẹ́jú 10 ní wákàtí kan, kẹ́ ẹ ṣí wíńdò díẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí epo dín sí ìdajì táńkì. Ẹ ju ṣọ́bìrì, búláńkẹ́ẹ̀tì àti tọ́ọ̀ṣì sí bútù, pẹ̀lú iyanrìn tẹ́ ẹ máa dà síwájú táyà tó bá ń yí lójú kan. Tí ò bá sí iyanrìn, àwọn kan ń lo yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń tà fún ológbò láti yàgbẹ́ sí. Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti dá mi dúró, ó ní irọ́ ni mò ń pa, ta ló máa fowó ra yẹ̀pẹ̀ fún ológbò.