Kí Ló Gbé E Dúró? Bí Mo Ṣe Parí Aáwọ̀ Agbọ̀n Disc Golf Wa

Díìsì aláwọ̀ ọsàn náà há sí ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n. Ìdajì rẹ̀ wà nínú, ìdajì wà níta, ọ̀pá irin méjì fún un mọ́ àárín, kò sì mì rárá. Ihò kejìdínlógún ni, èyí tó kẹ́yìn. Àbúrò wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ló jù ú. Ibi iṣẹ́ alẹ́ ló ti wá tààrà láàárọ̀ Sátidé yẹn, ojú rẹ̀ ti pọ́n, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè: "Ó wọlé!"

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, tó jẹ́ pé àwọn ló kọ́ gbogbo wa ní eré yìí, mirí. "Kò wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ló gbà, kò gba ẹnu ọ̀nà."

Bó bá wọlé, àbúrò ló ni ọjọ́ náà. Bí kò bá wọlé, òun àti ẹ̀gbọ́n ta ọ̀mì nìyẹn. Àwa márùn-ún la wà níbẹ̀, dọ́là 5 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan sì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló ń dun àwọn méjèèjì. Ohun tó ń dun àbúrò ni pé wọ́n fẹ́ gba ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń dun ẹ̀gbọ́n ni pé ẹni tí wọ́n kọ́ ní eré ń já wọn ní koro lójú àwọn èèyàn. Ẹ̀gbọ́n bá rìn lọ sídìí agbọ̀n, wọ́n fa díìsì náà yọ, wọ́n sì gbé e fún un. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá le.

Fún ẹni tí kò bá mọ disc golf: bíi gọ́ọ̀fù ló rí, àmọ́ díìsì, ìyẹn àwo pẹlẹbẹ oníke tí a máa ń fi ọwọ́ jù, la fi ń ṣe é dípò bọ́ọ̀lù àti igi. A ó jù ú láti ibi ìbẹ̀rẹ̀, a ó lọ bá a níbi tó bá balẹ̀ sí, a ó tún jù ú láti ibẹ̀, títí yóò fi dé agbọ̀n irin kan tó wà lára òpó. Ẹni tí ìjù rẹ̀ bá kéré jù ló borí. Kò sí ihò kankan nínú ilẹ̀, síbẹ̀ ihò là ń pe ìpele kọ̀ọ̀kan, 18 ló sì sábà máa ń jẹ́. Agbọ̀n yẹn ní ẹ̀yà mẹ́ta. Òrùka irin kan wà lókè tí ẹ̀wọ̀n so mọ́. Adé là ń pè é láàárín ara wa. Ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ yí òpó ká, òun ló ń gba agbára lára díìsì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ikùn wà, ìyẹn abọ́ tí wọ́n fi ọ̀pá irin ṣe, tí díìsì máa ń já bọ́ sí. Ẹ fi adé, ẹ̀wọ̀n àti ikùn sọ́kàn, torí orí wọn ni gbogbo ìjà náà dá lé.

Láti Sátidé yẹn, àárín àwọn méjèèjì ò gún mọ́. Àbúrò tí kì í dákẹ́ lórí WhatsApp wa kò sọ ohunkóhun fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀gbọ́n náà pè mí ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. "Ìwọ lo máa ń kàwé," wọ́n ní, "lọ wo ohun tí òfin sọ, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò gbọ́." Mo gbà. Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì, mo sì mọ̀ pé nílùú Houston tí a wà yìí, ẹni tó máa jí ní Sátidé láti bá èèyàn rìn nínú oòrùn kò pọ̀.

Ọjọ́ Ajé ni mo bẹ̀rẹ̀. Ìwé òfin PDGA, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin eré yìí káàkiri ayé, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin 807 ló sọ̀rọ̀ nípa píparí ihò, kò sì gùn. Ohun tó sọ nípa agbọ̀n ni pé ẹni tó ń jù gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ díìsì, kí díìsì náà sì dúró, kó jẹ́ pé ikùn, tàbí ẹ̀wọ̀n tó wà nísàlẹ̀ adé, ló gbé e dúró. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mò ń wá ibi tó ti sọ pé díìsì gbọ́dọ̀ wọlé láti òkè, tàbí láti iwájú, tàbí láti ibikíbi. N kò rí i. Kò sí ọ̀rọ̀ wíwọlé níbẹ̀ rárá. Ohun kan ṣoṣo tí òfin ń béèrè ni pé: kí ló gbé e dúró?

Ọ̀pá irin ikùn ló gbé díìsì aláwọ̀ ọsàn yẹn dúró. Àbúrò ló jàre.

Ǹ bá ti parí iṣẹ́ mi níbẹ̀, àmọ́ ara mi kò lélẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń purọ́, wọn kì í sì í ṣe ẹni tó ń sọ ohun tí wọn ò mọ̀. Níbo ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn? Mo wá ìwé òfin àtijọ́ kàn, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Nígbà náà, bí èèyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn tó jọ ń ṣeré bá rí i pé díìsì gba ìsàlẹ̀ etí ikùn wọlé, tàbí pé ó gba òkè ẹ̀wọ̀n, kò parí ihò. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn! Ọdún 2018 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò. Mo pè wọ́n, mo bi wọ́n ní ọdún tí wọ́n kọ́ eré náà. Wọ́n ní 2014. Inú mi dùn débi pé mo dìde lórí àga. Kò sí òpùrọ́ láàárín wọn. Òfin tó wà nílẹ̀ nígbà tí oníkálùkù wọn wọ eré náà ló ń tẹ̀ lé.

Mo tún rò ó lọ, mo sì rí i pé ìyípadà yẹn bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó jù láti ọ̀nà jíjìn, igi dí i lójú, kò sẹ́ni tó rí ibi tí díìsì gbà. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹnu lásán ni. Àmọ́ bí ẹ bá dé ìdí agbọ̀n, gbogbo yín lẹ lè fojú ara yín rí ohun tó gbé e dúró.

Ìjà irú èyí gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ló bí agbọ̀n náà. Ed Headrick, tó ṣiṣẹ́ ní Wham-O, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe díìsì ìṣeré tí wọ́n ń pè ní Frisbee, ló ṣètò pápá eré yìí àkọ́kọ́ tó wà títí lọ, ní páàkì Oak Grove ní California lọ́dún 1975. Òpó lásán ni wọ́n ń jù lù nígbà náà. Ọ̀kan á ní "ó bà á", èkejì á ní "kò bà á". Nígbà tó sú wọn ni Headrick àti ọmọ rẹ̀ Ken fi ẹ̀wọ̀n àti agbọ̀n sí ara òpó, kí díìsì lè máa dúró níbi tí gbogbo ayé ti máa rí i. Ọdún 1977 ló gba ìwé àṣẹ olùdásílẹ̀ lórí rẹ̀. Ní báyìí pàápàá, àwọn pápá kan ṣì ń lo òpó tàbí nǹkan mìíràn tí wọ́n sàmì sí lára. Bí díìsì bá ti lu ibi tí wọ́n sàmì sí, ihò ti parí. Inú mi dùn pé tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán Wẹsidé, mo mú díìsì mẹ́ta lọ sí páàkì, èmi nìkan. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí gbogbo ọ̀nà tí díìsì lè gbà dúró kí n tó kọ ohunkóhun. Mo gbé ọ̀kan lé orí adé. Ó jókòó síbẹ̀ bí fìlà. Adé ló gbé e, kò parí ihò. Mo fi òmíràn ti òpó nísàlẹ̀: ilẹ̀ àti òpó ló gbé e, kò parí ihò. Mo ki ìkẹta bọ ẹ̀gbẹ́ ikùn láti ìta, bíi ti Sátidé, mo sì mì agbọ̀n náà. Kò bọ́. Ikùn ló gbé e. Mo tún fi etí díìsì kan kọ́ àwọn orí irin kéékèèké tó yọ sókè yí ẹnu ikùn ká. Gbogbo ara rẹ̀ wà níta, ó ń mì nínú atẹ́gùn, síbẹ̀ nígbà tó dúró, ikùn náà ló gbé e. Èyí ló ṣòro jù fún ojú mi láti gbà, nítorí kò jọ ohun tó wọlé rárá. Mo dúró tì í fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ju díìsì lu ẹ̀wọ̀n gan-an, láti nǹkan bíi mítà 6. Ó dún ṣàràrà, ó yí, ó sì já bọ́ sórí koríko. Ẹ̀wọ̀n dún o, àmọ́ kò sí ohun tó gbé e dúró. Irú èyí máa ń dun èèyàn wọra, kò sì sí òfin tó lè tu olúwarẹ̀ nínú.

Ọjọ́bọ̀ ni mo jókòó kọ ọ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo kọ ni "A ti parí ihò nígbà tí díìsì bá wọlé." Mo pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ "wọlé" yẹn ló dá gbogbo ìjà sílẹ̀; bọ́ọ̀lù la ti mú un wá, níbi tí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ré ìlà kọjá kó tó di góòlù. Agbọ̀n kò ní ìlà. Ohun tí mo wá kọ nìyí:

"Jọ̀wọ́ díìsì. Kí ó dúró. Kí ikùn tàbí ẹ̀wọ̀n ìsàlẹ̀ adé gbé e dúró. Ibi tó gbà kò kàn wá."

Mo fi ohun méjì kún un. Àkọ́kọ́ jẹ́ nípa ìwà kan tó ti wọ̀ wá lẹ́wù. Bí díìsì ẹnì kan bá balẹ̀ sẹ́bàá òpó, ó kàn máa ń tẹ̀, á mú un, á ní "ẹ kà á fún mi." Kò tọ̀nà. Kódà bó ku àtẹ́lẹwọ́ kan, ó gbọ́dọ̀ dúró sẹ́yìn àmì ibi tí díìsì rẹ̀ balẹ̀ sí, kó sì jọ̀wọ́ díìsì náà sínú ikùn. Bó bá lọ jù ní ihò tó tẹ̀ lé e láì parí èyí, ìjù ìtanràn méjì ń dúró dè é. Bó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti parí ihò, ó ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìdíje nìyẹn. Mo kọ èyí sílẹ̀ pẹ̀lú agídí, torí mo gbà pé ìjù kékeré yẹn náà wà lára eré. Ní Ogden, ìpínlẹ̀ Utah, níbi ìdíje àgbáyé ọdún 2021, James Conrad ju díìsì láti ẹsẹ̀ bàtà 247 ní ihò tó kẹ́yìn, ẹ̀wọ̀n gbà á, ó sì fi bá Paul McBeth dọ́gba kó tó wá borí rẹ̀ nínú ìfagagbága àfikún. Ìjù kan ni ìyẹn lórí ìwé. Èyí tí a jọ̀wọ́ láti ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan náà, ìjù kan ni.

Èkejì ni bí a ó ṣe máa ṣe bí àríyànjiyàn bá tún dé. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan díìsì kí gbogbo wa tó dé ìdí agbọ̀n. Ohun tí èyí tó pọ̀ jù nínú wa bá rí la ó tẹ̀ lé. Bí a bá pín sí méjì ọgbọọgba, èyí tó ṣe ẹni tó jù ú láǹfààní la ó mú. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Bí ọ̀rọ̀ kò bá sì tán síbẹ̀, kí olúwarẹ̀ parí ihò náà lọ́nà méjèèjì, kí a kọ èsì méjèèjì sílẹ̀, kí a lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ lẹ́yìn eré.

Ní Sátidé, mo ka ìwé náà lábẹ́ igi tí a máa ń pàdé sí. Òfin àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ kà, mo sì dárúkọ ọdún tí wọ́n yí i padà. Ẹ̀gbọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ka òfin 807 fúnra wọn, wọ́n sún awò sókè. "2018," wọ́n ní. "Ta ló sọ fún mi?" Wọ́n yọ owó tó wà lọ́wọ́ wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kà á sí àbúrò lọ́wọ́. Àbúrò dọ̀bálẹ̀ sórí koríko tútù yẹn, wọ́n sì fà á dìde.

Ní ihò keje, ìjù kẹta ẹ̀gbọ́n fò díẹ̀ jù, ó sì balẹ̀ sórí adé, pẹrẹsẹ. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ̀rọ̀. Wọ́n rìn lọ síbẹ̀, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n yí agbọ̀n náà po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wò ó láti ìsàlẹ̀.

"Adé ló gbé e," wọ́n ní. Wọ́n fi àmì sílẹ̀, wọ́n mú díìsì náà, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ sínú ikùn. Mo kọ 4 sílẹ̀ fún wọn.