Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó ìwé ìhágún kan ṣoṣo

₦150,000 ni mo kọ́kọ́ san fún lọ́yà lórí ìwé ìhágún, èyí tí gbogbo wa ń pè ní wíìlì. Kò pé oṣù mẹ́ta tí mo tún san ₦120,000 lórí nǹkan kan náà, nítorí pé ẹni tí mo fowó mi bẹ̀ kò bi mí ní ìbéèrè kan péré. Inú ṣì ń bí mi.

Ọkọ mi àkọ́kọ́ kú, ó fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo wá fẹ́ bàbá tí mo wà nílé rẹ̀ báyìí, mo bá ọmọ méjì nílẹ̀, ìyá wọn ti lọ. Lẹ́yìn náà ni Ọlọ́run fún àwa méjèèjì ní ọmọbìnrin kan. Àkọ́bí ọkọ mi kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí mo dé. Nígbà tí mo ń kọ́ ilé mi ní Ajílosùn, níbí l'Ádó, òun ló ń ka búlọ́ọ̀kù, òun ló ń sùn síbẹ̀ kí wọ́n má baà jí sìmẹ́ǹtì kó. Mọ́mì ló ń pè mí, ọmọ mi sì ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá kú láìkọ nǹkan kan sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ìdí-igi (ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀) ni wọ́n fi pín ogún, ìbáà jẹ́ orí-ò-jorí (ọmọ kọ̀ọ̀kan), ọmọ tí olóògbé bí ni wọ́n máa kà. Òkèèrè ni yóò ti máa wo ilé tó fi oorun rẹ̀ ṣọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe ìwé ìhágún.

Kíkọ ohun tí mo ní sílẹ̀ kò le: ilé, ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Ọba, owó báǹkì. Mi ò fi ilẹ̀ ẹbí wa ní Ìlawẹ̀ kún un, nítorí kì í ṣe tèmi nìkan.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ fọwọ́ sí i, wọ́n ní ó ku ẹlẹ́rìí kan. Ìyàwó àkọ́bí yìí ló fi mọ́tò gbé mi lọ, ó jókòó síta. Akọ̀wé lọ́yà ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí àǹtí yẹn wọlé wá bá wa sáìn." Ó wọlé, ó sáìn, a lọ sílé.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ lọ́yà ló wá kí mi lẹ́yìn náà. Mo fi ìwé náà hàn án tayọ̀tayọ̀. Ó wò ó títí, ó ní, "Mà, kí ni ẹlẹ́rìí kejì yìí jẹ́ sí yín?" Mo ní ìyàwó ọmọ mi ni. Ó rọra gbé ìwé náà kalẹ̀. Òfin kò jẹ́ kí ẹlẹ́rìí gba ohunkóhun nínú ìwé tó fọwọ́ sí, kò sì jẹ́ kí ọkọ tàbí ìyàwó ẹlẹ́rìí gbà á. Ìwé náà dúró o, ṣùgbọ́n ìpín ọmọ yẹn ti wọmi. Ìpín ẹni tí mo torí rẹ̀ wá gan-an!

Mo padà sí ọ́fíìsì àkọ́kọ́. Wọ́n ní mi ò sọ fún wọn. Orúkọ ìdílé kan náà ló wà nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ̀, òun náà ló wà lábẹ́ níbi tí wọ́n ti sáìn. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Mo ní kí ọmọ ọ̀rẹ́ mi tún un kọ. Ẹlẹ́rìí ló tún wá dá wa dúró, nítorí nínú ilé bíi tèmi, ta ni kò kàn? Ní Sátidé àkọ́kọ́, aládùúgbò mi tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà dé, ẹnì kejì ti lọ síbi òkú ní Ìkọ̀lé. Mo ní kí tíṣà fọwọ́ sí i ná, kí èkejì wá ní Mọ́ńdè. Lọ́yà kọ̀ jálẹ̀: àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pa pọ̀ nígbà tí mo bá ń fọwọ́ sí i. Ní Sátidé kejì, àbúrò ọkọ mi yọ̀ǹda ara rẹ̀, àmọ́ ó ní òun máa ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ná. Ẹlẹ́rìí kò nílò kó mọ ohun tí mo fún ẹnikẹ́ni, ìfọwọ́sí mi ló ń jẹ́rìí sí. Mo sọ fún un pé rárá. Láti ìgbà náà, kò kí mi dáadáa mọ́, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ní Sátidé kẹta, tíṣà àti alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa jókòó sídìí tábìlì kan náà. Kò gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé náà fagi lé èyí tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀. A kò sì kọ "àwọn ọmọ mi" lásán níbì kankan: orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀, nítorí lójú òfin, "ọmọ mi" lè máà kan ọmọ tí mi ò bí. Ẹ̀yin tí ilé yín rí bíi tèmi, ẹ má gbà kí wọ́n kọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Kí ẹ sì ti yan ẹlẹ́rìí yín láti ìta, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún lọ́yà.

Ìwé náà ti wà ní ọ́fíìsì próbéètì, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ìhágún sí, ní Ilé Ẹjọ́ Gíga l'Ádó. Ìyàwó ọmọ mi yẹn náà ló gbé mi lọ ní Sátidé kẹta. Inú mọ́tò ló jókòó sí títí a fi parí.