Pọ́ǹpù omi kan ló gba ₦805,000 lọ́wọ́ mi l'Abuja

₦805,000. Lórí pọ́ǹpù omi BMW mi, èyí tó ń gbé omi yí inú ẹ́ńjìnnì kó má baà gbóná jù. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, àmọ́ tí mo bá ti rántí ₦200,000 tó ṣòfò nínú ẹ̀, ara mi á tún gbóná.

Kí n tó ra mọ́tò yìí, mo wádìí ẹ̀ bí ẹni tó ń wádìí ìdílé ìyàwó. 335i gan-an lọkàn mi fà sí, ẹ́ńjìnnì N54, turbo méjì, 300 horsepower, ta ni ò ní fẹ́? Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti lò ó rí ló ń kì mí nílọ̀ nípa pọ́ǹpù epo tó wà lára ẹ́ńjìnnì ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ pe àwọn mọ́tò yẹn padà l'Amẹ́ríkà ní 2010 torí ẹ̀. Mo ní kò burú, mi ò fẹ́ wàhálà, mo ra 330i, 2006, ẹ́ńjìnnì N52, sílíńdà mẹ́fà tó tò lórí ìlà kan, 255 horsepower, kò sí turbo kankan níbẹ̀. Mi ò sì tíì kábàámọ̀. Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí ju ìgbà 5,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan lórí Kubwa Expressway láàárọ̀ Sunday, ẹ ò ní wá rédíò. Owó tí mo rà á, kò lè ra Camry Muscle tó mọ́, ẹ̀rù tó ń ba àwọn èèyàn ló jẹ́ kó wọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan tí ẹnì kan ò sọ fún mi ni pé N54 tí mo sá fún àti N52 tí mo sá lọ bá, irú pọ́ǹpù omi kan náà ni wọ́n ní. Ti Camry, bẹ́líìtì ló ń yí i, tó bá fẹ́ kú á kọ́kọ́ máa jò, á máa ké, ẹ máa mọ̀. Tèmi yìí iná bátìrì ló fi ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀, ọjọ́ tó bá kú, ó kú nìyẹn. Dáṣíbọ́ọ̀dù ò tún ní abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, èyí tó ń sọ bí epo ṣe ń jó ló wà níbẹ̀.

Oṣù kẹta, aago méjì ọ̀sán, ẹ mọ bí oòrùn Abuja ṣe máa ń rí nígbà yẹn. Fáànù iwájú ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í hó bíi ti ọkọ̀ òfurufú, iná yẹ́lò tàn, kí n tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ó ti di pupa. Mo pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Mi ò ní kí n rọra wà á dé Katampe, mi ò ní kí n da omi sí i kí n máa lọ. Ìyẹn ni mo fi ń yangàn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí tó bá jẹ́ pé mo fi agídí wà á, odidi ẹ́ńjìnnì ni ǹ bá máa wá.

Ọkọ̀ tó fà á dé Apo gba ₦35,000. Bàbá tó ń bá mi ṣe mọ́tò, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n ti wà l'Abuja kí n tó dé, wọ́n ò pẹ́ rárá tí wọ́n fi rí i pé pọ́ǹpù ti kú. Kò yà mí lẹ́nu, èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ni, mọ́tò sì ti rin 97,000 máìlì, ó ti ṣe tiẹ̀. Ibi tí mo ti ṣì í ni pé mo lọ ra tòkunbọ̀, ₦130,000. Ẹni tó tà á fi waya kàn án ní bátìrì níwájú mi, ó yí, inú mi dùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò. ₦30,000 ni wọ́n tún fi fà á padà sí Apo, ₦40,000 iṣẹ́ ọwọ́ àkọ́kọ́ ti wọgbó, ẹni tó tà á sì ní òun kì í gba ọjà padà.

Mo wá ra tuntun pẹ̀lú thermostat ẹ̀, ₦480,000, Èkó ló ti wá. Mo tún fi ₦18,000 ra bóòtì mẹ́ta tó ń de pọ́ǹpù mọ́ ẹ́ńjìnnì, Bàbá sì bínú sí mi lórí ìyẹn, wọ́n ní èyí tó wà níbẹ̀ ṣì dáa. Alumíníọ̀mù ni, ẹ gbé e sátẹ́lẹwọ́, ó fúyẹ́ bí ìdérí ìgò, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń lò ó. Magnesium wà lára bulọ́ọ̀kù N52, ẹ ò lè fi bóòtì irin lásán dè é, á jẹ ẹ́ lára. Títú àti dídè, mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, mẹkáníìkì tó bá mọṣẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ibi tó ti fẹ́ yí mi lórí nìyí. Bàbá da coolant, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, sí i, wọ́n sitáàtì ẹ́ńjìnnì bí wọ́n ṣe ń ṣe fún Camry, wọ́n ń dúró kí afẹ́fẹ́ jáde. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iná pupa. Pọ́ǹpù tuntun o! Wọ́n pa á, ó tutù, wọ́n tún dán an wò, iná pupa. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, top ẹ ti lọ. Jẹ́ ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Orí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń pè ní top. Ọkàn mi já. Àmọ́ mo na ọwọ́ sí ibi tí hítà ti ń fẹ́, atẹ́gùn tútù ló ń jáde, bẹ́ẹ̀ hóòsì òkè gbóná débi pé ẹ ò lè dì í mú. Omi gbígbóná ò dé ibi hítà rárá, afẹ́fẹ́ ló dí i. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí i." Torí mo ti kà á pé pọ́ǹpù yìí ló máa ń fúnra ẹ̀ lé afẹ́fẹ́ jáde, ẹ́ńjìnnì ò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ rárá nígbà yẹn. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì sitáàtì láì tẹ búréèkì, kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù kàn tàn, ẹ gbé hítà sí gbígbóná jù, fáànù ẹ̀ sí kíkéré jù, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ tẹ accelerator mọ́lẹ̀ pátápátá fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn fúnra ẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìlá.

Ó kùn lóòótọ́. Ó dé bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó dákẹ́. Bátìrì ti rẹ̀. A wá ṣájà, a kàn án, wọ́n mú iná lọ. A jókòó láti aago mọ́kànlá títí dé aago mẹ́rin, iná ò dé, Bàbá ń wo top yẹn bí ẹni pé àwọn ti fẹ́ ṣí i, inú sì ń bí mi torí mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú méjìlá péré ló kù. Fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló gbà mí, ó yá wa ní jẹnẹrétọ̀ ẹ̀. A tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ máa gbọ́ pọ́ǹpù tó ń sáré, á rọlẹ̀, á tún sáré, coolant ń rú gùlùgùlù nínú táǹkì ẹ̀, ó ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A fi kún un, a ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, a sitáàtì. Hítà fẹ́ ooru sí mi lójú nínú ooru Apo, n ò pa á.

Owó iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì ₦40,000, coolant ₦32,000. Tí mo bá mọ̀ ni, tuntun ni ǹ bá rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra 330i tàbí 335i, kí ó bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ǹpù omi, tí kò bá sí rìsíìtì, kí ó yọ owó ẹ̀ kúrò nínú ohun tó fẹ́ san. Ẹ má dúró dìgbà tó bá kú. Kí bátìrì yín sì kún kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Bàbá pè mí lọ́jọ́ Tuesday, BMW 528i kan ló wà níwájú wọn. Wọ́n ní, "Hítà ti wà ní gbígbóná, mo ti so ṣájà mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú mélòó lo ní?"