Bí a ṣe ń ka àmì inú fáìlì tí a sì ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ nínú èdè C

Ní Àkúrẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní èdè C, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kì í ṣe kíkà fáìlì ni ó ń bá wọn fínra, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kíkọ sínú rẹ̀. Ibi tí a ti ń kúrò nídìí kíkà bọ́ sídìí kíkọ ni iṣẹ́ ti máa ń dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà, kí ó fi nano kọ ètò rẹ̀, kí ó sì fi gcc sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Ẹni tí kò bá ní, kí ó fi áàpù Termux sórí fóònù Android rẹ̀, kí ó sì fi clang, tí ń ṣe iṣẹ́ gcc, sínú rẹ̀. Èyí tó wù kí ẹ lò, ẹ fi -Wall kún àṣẹ gcc tàbí clang yín, nítorí òun ni yóò ta yín lólobó bí àṣìṣe bá wà.

Ká ní inú koko.txt ni a kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ àti iye àpò kòkó wọn sí, tí kọ́mà wà láàárín wọn, tí a sì fẹ́ kí àmì ; gba ipò kọ́mà. Ẹ fi àṣẹ cp ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí atijo.txt, kí ẹ tó fi fopen ṣí koko.txt pẹ̀lú "r+b", tí ó ń jẹ́ kí a lè kà kí a sì kọ; ohun tí fopen dá padà ni a ń pè ní f. Ẹ má lo "w+" rárá, nítorí ó ń pa ohun tó wà nínú fáìlì rẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fi í ṣí àkọsílẹ̀ kòkó bàbá rẹ̀. Kí ó tó ka àmì kan ṣoṣo, fáìlì náà ti di báìtì 0. Bí fopen bá dá NULL padà, ìyẹn ni pé kò rí fáìlì ṣí, ẹ fi perror wo ìdí rẹ̀, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Nínú ètò tó tẹ̀ lé e yìí, fgetc ń ka báìtì kan, fputc ń kọ ọ̀kan, ftell ń sọ ibi tí a wà nínú fáìlì, fseek ń gbé wa lọ síbi tí a bá fẹ́, EOF sì ni ohun tí fgetc ń dá padà bí fáìlì bá ti parí.

int c;
long ibi = ftell(f);
while ((c = fgetc(f)) != EOF) {
    if (c == ',') {
        fseek(f, ibi, SEEK_SET);
        fputc(';', f);
        fseek(f, 0, SEEK_CUR);
    }
    ibi = ftell(f);
}

Int ni c gbọ́dọ̀ jẹ́, kì í ṣe char, tí kò gba ju báìtì kan lọ. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, char kì í gba iye tí ó kéré sí 0, EOF sì kéré sí 0, nítorí náà ètò náà kò ní dúró láéláé. Lórí kọ̀ǹpútà tí char ti ń gbà á, báìtì 255 kan ṣoṣo lè mú kí ó rò pé fáìlì ti parí.

Ẹ wá fara balẹ̀ síbí yìí. Bí fgetc bá ti ka kọ́mà tán, a ti kọjá rẹ̀; bí a bá kọ nǹkan lójú ẹsẹ̀, àmì tí ó tẹ̀ lé e ni a ó pa rẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń fi ibi pamọ́ kí n tó kà, tí fseek àkọ́kọ́ sì ń dá wa padà síbẹ̀. Fseek kejì ni wọ́n máa ń yọ dànù, nítorí ó dà bí ẹni pé kò gbé wa lọ síbì kankan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ ọ́. Òfin èdè C kò gbà kí a kà lẹ́yìn tí a kọ láìsí fseek tàbí fflush (tí ń ti ohun tí a kọ jáde lọ sínú fáìlì) láàárín wọn, kò sì gbà kí a kọ lẹ́yìn tí a kà láìsí fseek, àfi bí kíkà náà bá ti dé òpin fáìlì. Ẹni tí ó bá rú òfin yìí lè rí i pé ètò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lónìí, kí ó sì da ọ̀rọ̀ rú lórí ẹ̀rọ mìíràn lọ́la.

Báìtì kan fún báìtì kan ni ọ̀nà yìí wà fún. "Akure" jẹ́ báìtì 5, ṣùgbọ́n "Àkúrẹ́" tí a fi àmì ohùn àti àmì abẹ́ sí dáadáa jẹ́ 11 nínú UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, nítorí lẹ́tà ẹ nìkan gba báìtì 3. Bí ẹ bá fi í lé èkíní lórí, yóò jẹ ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú. Fún irú èyí, ẹ máa kọ ohun gbogbo sínú fáìlì tuntun, kí ẹ ti méjèèjì, kí ẹ sì fi rename gbé tuntun sí ipò ti àtijọ́. Lórí Windows, ẹ kọ́kọ́ fi remove yọ ti àtijọ́ kúrò. Èmi kì í lo ọ̀nà mìíràn fún fáìlì tí ó ṣe pàtàkì, nítorí bí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́, ti àtijọ́ ṣì wà lódindi.

Ẹ wo ohun tí fclose dá padà. Bí kì í bá ṣe 0, ohun tí ẹ kọ lè má tíì wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àṣẹ cmp -l, tí ń to àwọn báìtì tí ó yàtọ̀, fi atijo.txt wé koko.txt: lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, 54 àti 73 (nọ́ńbà kọ́mà àti ti ; nínú ìṣirò onímẹ́jọ) nìkan ni kí ẹ rí lẹ́yìn nọ́ńbà báìtì.