Ẹ yéé ka ẹsẹ̀ bàtà: àṣìṣe àwọn tó ń pe ẹni wá gbẹ́ borehole l'Ékòó

Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ṣòfò l'Ékòó, kò dìgbà tó bá ta tẹ́tẹ́. Kó ṣáà pe ẹni tó ń gbẹ́ borehole, kó bi í pé, “Ẹsẹ̀ bàtà kan, èló?” Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bàjẹ́. Mo ti sọ ọ́ títí tí àwọn ọmọṣẹ́ mi fi ń gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Mo tún máa sọ ọ́.

Àkọ́kọ́, ẹ ń wá “ibi tí omi wà”. N'Íbàdàn, àpáta ló wà nísàlẹ̀, ojú ibi tí àpáta bá ti sán ni omi máa ń wà. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lè má kan nǹkan kan. Èkó ò rí bẹ́ẹ̀. Yanrìn àti amọ̀ ló to ara wọn lé lórí nísàlẹ̀ tiwa, ibi gbogbo lẹ sì ti máa kan omi. Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè ni pé yanrìn ìpele wo ló ní omi tó dáa, kí ló sì bò ó lórí? Síbẹ̀, mo bá ọkùnrin kan ní Ṣómólú tó di wáyà méjì mú, tó ń rìn yíká half plot bíi wòlíì, títí wáyà fi “júwe” ojú omi fún un. Ní Ṣómólú, níbi tí ẹni tó fi ṣọ́bìrì gbẹ́lẹ̀ ti máa ń rí omi! Wọ́n kúkú ti sanwó fún un.

Èkejì, ẹ ń fi jíjìn kànga aládùúgbò ṣe òdiwọ̀n. Ta ló sọ fún yín pé tiẹ̀ dáa?

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù: “Ẹ gbẹ́ ẹ sí i, bó bá ṣe jìn tó ni omi ẹ̀ ṣe máa mọ́ tó.” Lókè, ní Ìkẹjà tàbí Agége, ọ̀rọ̀ yẹn lè má ṣe yín ní jàǹbá. Ní Lẹ́kkí, Ajah àti Victoria Island, ó lè sọ owó yín di omi iyọ̀. Òkun wà lọ́wọ́ kan, ọ̀sà wà lọ́wọ́ kejì. Òjò tó wọlẹ̀ ló di omi dídùn tó wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀, ó fúyẹ́ ju omi òkun lọ díẹ̀, orí rẹ̀ ló sì léfòó sí. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé, bí ojú omi dídùn inú ilẹ̀ bá fi mítà 1 ga ju òkun lọ, bíi mítà 40 ló máa ní nísàlẹ̀ ojú òkun kó tó kan oníyọ̀. Bó bá jẹ́ ìdajì mítà, 20 ni. Ilẹ̀ Lẹ́kkí ò sì ga!

Oníbàárà kan ní Ajah rí mi tí mo ní ká dúró. Yanrìn tó jáde dáa, omi ẹ̀ dáa. Ó ní òun ò sanwó kòtò kúkúrú, ó sì lọ pe ẹlòmíì. Ìyẹn ń gba owó lórí ẹsẹ̀ bàtà, kí ló fẹ́ dá a dúró fún? Wọ́n la omi dídùn kọjá lọ sínú omi iyọ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi omi ọ̀hún ṣàn báyìí, tánkà ló ń gbé tí wọ́n ń mu wá.

Omi dídùn mìíràn tún wà lábẹ́ oníyọ̀ o, àmọ́ ó lè ju mítà 200 lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi sìmẹ́ńtì dí ìpele iyọ̀ pa kó má baà ṣàn wọ inú páìpù. Iṣẹ́ ẹni tó nírinṣẹ́ ni, kì í ṣe tàwọn tó gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá.

Ẹ tún ń fa omi dídùn tó wà lórí oníyọ̀ yẹn ní àfàpakú. Súmò (ẹ̀rọ tó ń fa omi) ńlá, láti àárọ̀ dalẹ́. Iyọ̀ máa gòkè wá bá yín.

Ẹ̀kẹrin, tàbí ìkarùn-ún, mi ò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́: soakaway, kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń wọ̀. Mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń ní kó wà láàárín òun àti kànga. Ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 60 ni half plot yín, láti igun sí igun kò tó mítà 26. Torí náà, ẹ má fa omi tó sún mọ́ ojú ilẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí amọ̀ wà láàárín ìdọ̀tí àti omi tí ẹ ń fà, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì dí ẹ̀gbẹ́ páìpù lókè.

Ní ti ẹni tí ẹ máa pè, ẹ bi í bóyá ó máa kó yanrìn tó ń jáde pa mọ́ ní ìpele-ìpele, kí ẹ fojú rí i kó tó to páìpù oníhò tí omi máa gbà wọlé. Ìyàwó mi ní yanrìn ni mo fẹ́, pé òun kàn ń bá a pín mi ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá to páìpù oníhò sójú amọ̀ dípò ojú yanrìn, omi ò ní wọlé. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí jíọ́lọ́jíìsì (onímọ̀ nípa ilẹ̀) wá fi iná ẹ̀lẹ́tíríìkì yẹ ilẹ̀ wò, ẹ mú ẹni tó mọ àdúgbò, torí pé yanrìn tó ní omi iyọ̀ àti amọ̀ máa ń jọra lójú ẹ̀rọ rẹ̀.

Wọ́n ò fọ yanrìn kúrò nínú kànga tó kí wọ́n tó ju súmò sí i, yanrìn wá jẹ súmò. Ẹjọ́ ta ni?

Omi tó mọ́ lójú lọ́jọ́ tí wọ́n fà á lè ní irin nínú. Ìwọ̀n irin tí Nàìjíríà fọwọ́ sí fún omi mímu ni 0.3 mílígíráàmù nínú lítà kan, iyọ̀ kílóráìdì sì jẹ́ 250. Ẹ gbé e lọ sí láàbù. Ẹ tún bu bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun kan sílẹ̀ dòwúrọ̀: bó bá pọ́n, ẹ máa nílò àsẹ́, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ iye owó àsẹ́ náà fún yín kí ẹ tó san owó tó kù.